Àwòrán Tí Ojú Rí, Tí Google Kò Rí

Ẹni tó bá ti ná ogún náírà tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe rí ti fọwọ́ kan Ladi Kwali. Òun ni obìnrin amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn owó náà. Ọmọ Gbàgyí ni, Kwali sì ni wọ́n bí i sí, ibi tó ti di ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n pín agbègbè olú-ìlú Àbújá sí. Ní 1954 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, ìlú tá à ń pè ní Suleja lónìí. Ó jáde láyé ní 1984. Síbẹ̀, bí ẹ bá tẹ orúkọ rẹ̀ sórí Google, tí ẹ sì yan abala àwòrán, ìkòkò rẹ̀ á tò lọ bẹẹrẹ lójú fóònù yín.

Ẹ wá jẹ́ ká ro ti amọ̀kòkò mìíràn, tó wà láàyè, tó ń mọ tirẹ̀ ní Kwali kan náà. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, ní Àbújá, bá a kọ́ ìkànnì kan. Wọ́n ya àwọn ìkòkò náà dáadáa, wọ́n gbé àwòrán wọn síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ṣí ìkànnì náà ló ń rí wọn kedere. Oṣù ń gorí oṣù, Google ò mú ẹyọ kan jáde. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ SEO, ìyẹn gbígbé ìkànnì sókè nínú èsì ìṣàwárí, ní kí ọmọ náà lọ wá owó wá, òun á bá a gbé ìkànnì rẹ̀ dé orí ojúewé kìn-ín-ní èsì Google. Orí ìwé yìí wà fún ọmọ náà kó tó sanwó.

Pé àwòrán hàn lójú fóònù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé Google rí i. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé ìkànnì kọ́ ni ẹ̀rọ ń gbà débẹ̀. Èèyàn á yí ojúewé sísàlẹ̀, á fọwọ́ tẹ ibi tó bá wù ú. Googlebot, ìyẹn ẹ̀rọ tí Google fi ń rìn káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í fọwọ́ tẹ nǹkan kan. Kódù ojúewé ló ń kà, àdírẹ́sì tó bá rí nínú kódù náà ló ń tẹ̀ lé. Bó bá bá àdírẹ́sì àwòrán pàdé, èkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Googlebot-Image á lọ gbé àwòrán náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Google á ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu ohun tí àwòrán ọ̀hún jẹ́, ojúewé tó ni ín, àti bóyá ó yẹ kó wọ inú àkójọ wọn. Níbikíbi lójú ọ̀nà yìí ni nǹkan ti lè dàrú.

Wíwá àwòrán lórí Google ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2000, Jennifer Lopez, olórin Amẹ́ríkà, wọ aṣọ Versace aláwọ̀ ewé kan lọ síbi àmì-ẹ̀yẹ Grammy, ariwo sì ta. Eric Schmidt, tó ti ṣe ọ̀gá àgbà Google rí, kọ ọ́ ní 2015 pé aṣọ yẹn ni àwọn èèyàn wá jù lọ nínú gbogbo ohun tí Google tíì rí títí di ìgbà náà. Aṣọ ni wọ́n fẹ́ fojú rí, àmọ́ líǹkì àti ọ̀rọ̀ nìkan ni Google ní láti fún wọn. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2001, Google gbé abala àwòrán jáde, àwòrán tó wà níbẹ̀ nígbà náà sì tó mílíọ̀nù 250. Iye náà ti ga kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì báyìí, ṣùgbọ́n ohun kan ò yí padà: àwòrán kì í dá wà nínú èsì Google. Ojúewé kan ló máa ń gbé e dání. Bí ojúewé kò bá wọlé, àwòrán tó wà lára rẹ̀ ò ní wọlé.

Nítorí náà, ojúewé ni ká kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣí Google, ẹ tẹ site: síbẹ̀, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì ìkànnì yín mọ́ ọn láìfi àlàfo sáàárín. Bí kò bá mú ojúewé kankan wá, ẹ má tíì dá àwòrán lẹ́bi. Bó bá mú ojúewé wá, ẹ bọ́ sí abala àwòrán, kí ẹ wo ohun tó yọjú. Àyẹ̀wò yìí ò kún tó, torí Google fúnra wọn sọ pé site: kì í kó gbogbo ohun tí wọ́n ní sílẹ̀. Èyí tó kún ni Search Console, tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ìkànnì náà, lẹ́yìn náà ẹ lè fi àdírẹ́sì ojúewé kan síbẹ̀, á sì sọ fún yín bóyá Google ti mú un, ọjọ́ tí Googlebot wá kẹ́yìn, àti ohun tó dá a dúró bí ohun kan bá dá a dúró. Ó tún lè fi ojúewé náà hàn yín bí Googlebot ṣe rí i. Ẹni tó ní òun fẹ́ tún ìkànnì yín ṣe, tí kò sì béèrè Search Console lọ́wọ́ yín, ẹ fura sí i.

Lójú tèmi, àpótí kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣe àwọn oníkànnì kéékèèké ní jàǹbá jù lọ. Inú WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ló wà, lábẹ́ Settings, níbi tí wọ́n kọ Reading sí. Ẹni tó bá fi àmì sínú àpótí yẹn ti sọ fún àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí pé kí wọ́n má ṣe mú ìkànnì náà. Ó dára bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí ojúewé aláìpé má bàa bọ́ síta. Iṣẹ́ á wá parí, wọ́n á gba owó iṣẹ́, wọ́n á gbàgbé àmì síbẹ̀. Gbogbo ojúewé á wá máa gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú kódù wọn, noindex, tí oníkànnì ò ní fojú rí láéláé. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà, noimageindex, tó ń jẹ́ kí ojúewé wọlé ṣùgbọ́n tó ń sọ pé kí wọ́n má mú àwòrán rẹ̀. Ìyẹn ò wọ́pọ̀ tó ti àkọ́kọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni fáìlì tó ń jẹ́ robots.txt, àwọn èèyàn sì máa ń dà á pọ̀ mọ́ noindex. Martijn Koster ló dá a lábàá ní 1994, ó sì di ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà, RFC 9309, ní 2022. Àálè gan-an ni. Àgbẹ̀ tó ṣẹ́ igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tó wá fi àkísà tàbí bàtà àlòkù lé e lórí, kò mọ odi yí igi náà ká. Ẹni tó mọ ohun tí àálè ń sọ ló ń yà fún un, olè tí kò bẹ̀rù á sì gbé igi lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni robots.txt kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń jí ọ̀rọ̀ àti àwòrán kó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ò kà á sí. Googlebot ń kà á sí, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó fi àálè lé ọjà tó fẹ́ tà.

Ìlà kan báyìí lè wà nínú fáìlì náà: Disallow: /wp-content/uploads/. Àpò tó ń jẹ́ uploads yẹn ni WordPress ń kó àwòrán sí. Googlebot á ka ojúewé, á mú ọ̀rọ̀ ibẹ̀, Googlebot-Image á dé ẹnu àpò, á rí ìlà yẹn, á padà sẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yín á wà lórí Google, àwòrán yín ò ní sí níbẹ̀. Bí tiyín bá rí báyìí gẹ́lẹ́, ẹ kọ àdírẹ́sì ìkànnì yín sínú búráúsà, kí ẹ fi /robots.txt parí rẹ̀. Á ṣí, torí kì í ṣe fáìlì àṣírí. Ẹnikẹ́ni ló lè ka ti ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí pé àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: bí àwòrán yín bá ń gbé lórí àdírẹ́sì tó fi cdn tàbí img bẹ̀rẹ̀, robots.txt tó wà níbẹ̀ ni Google á tẹ̀ lé, èyí tó wà lórí ìkànnì yín gangan ò kàn án. Bí ẹ bá sì tún un ṣe, ẹ fún un tó wákàtí 24, nítorí Google lè ṣì máa lo ẹ̀dà àtijọ́ tó ní lọ́wọ́.

Bí kò bá sí àálè níbẹ̀, ẹ wo bí àwòrán ṣe wọ inú ojúewé. Google ń wá àmì kan tó ń jẹ́ img nínú kódù, pẹ̀lú àdírẹ́sì àwòrán nínú src rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n fi CSS, ìyẹn kódù tó ń ṣe ojúewé lọ́ṣọ̀ọ́, tẹ́ sẹ́yìn ojúewé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe àwòrán ńlá tó máa ń kọ́kọ́ yọ lókè ìkànnì, Google kì í mú un. Ó jọ wá lójú, ọ̀ṣọ́ lásán ni lójú ẹ̀rọ. Dátà tó wọ́n nílẹ̀ wa ló sì fa ìṣòro kejì. Kí ojúewé má bàa jẹ dátà àwọn oníbàárà, àwọn tó ń kọ́ ìkànnì máa ń ṣètò pé kí àwòrán má jáde àfi bí èèyàn bá yí ojúewé dé ibi tó wà. Ìrònú tó dára ni, bí wọ́n bá sì lo loading="lazy" tí búráúsà fúnra rẹ̀ mọ̀, kò sí ewu. Àmọ́ àwọn kódù àtijọ́ kan máa ń tọ́jú àdírẹ́sì tòótọ́ sínú data-src, wọ́n á wá dúró de ìka èèyàn kí wọ́n tó gbé e bọ́ sínú src. Ìka ò sí lọ́wọ́ Googlebot. Láti mọ̀, ẹ ní kí Search Console dán ojúewé náà wò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ṣí kódù tó kó wá, kí ẹ wá orúkọ fáìlì àwòrán yín nínú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí lọ́dọ̀ Google nìyẹn.

Ti irú fáìlì ò gbà wá lákòókò. JPEG, PNG, GIF, WebP, SVG, BMP àti AVIF ni Google ń gbà. HEIC tí iPhone fi ń ya àwòrán kò sí nínú wọn, ẹ yí i padà kí ẹ tó gbé e síta.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì, ìyẹn server, gba àlàyé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹni tó wà ní Àbújá ti lè búra pé nǹkan òun ò bàjẹ́, tí kò sì parọ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Googlebot sábà máa ń ti wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan, nítorí ìbẹ̀rù àwọn tó ń jalè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń dí gbogbo àdírẹ́sì tó bá ti òkèèrè wá. Ìkànnì á ṣí ní Garki, á ṣí ní Gwagwalada, Googlebot á kan ilẹ̀kùn, á gba 403, èsì tó túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ wọlé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà ló já. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìkànnì tí server rẹ̀ wà nílé lè máa ṣí fún aládùúgbò, kó má ṣí fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ọjọ́ kan tàbí méjì kì í pa ìkànnì. Bí Googlebot bá ń bá àṣìṣe server pàdé léraléra, á dín ìbẹ̀wò kù, bó bá sì pẹ́ jù, á yọ ojúewé kúrò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà, àwọn tó ń fi dọ́là san owó hosting, ìyẹn owó àyè ìkànnì lórí server, mọ bó ṣe ń dunni tó. Ẹni tó jẹ́ kí hosting kú fún oṣù méjì kó tó sanwó, kó má yà á lẹ́nu pé àwọn àwòrán tó ti wà lórí Google tẹ́lẹ̀ ti lọ.

Ká wá sọ pé gbogbo ọ̀nà là, Googlebot-Image dé, ó sì gbé àwòrán. Kí ló mọ̀ nípa rẹ̀? Ẹ̀rọ òde òní lè wo àwòrán kó mọ̀ pé ìkòkò ni. Kò lè wò ó kó mọ̀ pé Kwali ni wọ́n ti mọ ọ́n, tàbí orúkọ ẹni tó fín alángbá sí i lára, tàbí bóyá títà ni. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ ìyẹn fún un. Ìdí nìyí tí ìkòkò Ladi Kwali ò fi ṣòro rí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀ sì máa ń fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ojúewé tirẹ̀: orúkọ ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, àsìkò, ohun tó fi ṣe é, bó ṣe ga tó. Àwọn tó kọ ọ́ ò ronú nípa Google rárá. Àkọsílẹ̀ dúkìá ni wọ́n ń ṣe, àkọsílẹ̀ dúkìá sì ni ẹ̀rọ ìṣàwárí nífẹ̀ẹ́ sí.

Ẹ fi wé ti ọmọ amọ̀kòkò wa. Ìyá rẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ láti Kwali lórí WhatsApp. WhatsApp fún un pọ̀ kó má bàa wúwo, ó sì sọ ọ́ ní IMG-20240312-WA0007.jpg, ìyẹn ọjọ́ tó dé àti ipò rẹ̀ láàárín àwọn tó dé lọ́jọ́ náà. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ló gbé e sórí ìkànnì. Ibi tó yẹ kó kọ alt, ìyẹn àpèjúwe àwòrán nínú kódù, sí ṣófo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ àwòrán ni "DM for price". Ta ló ń wá "DM for price" lórí Google?

Alt wúlò gan-an fún afọ́jú. Òun ni ẹ̀rọ tó ń ka ojúewé sí wọn létí máa ń kà jáde bó bá dé ibi àwòrán. Bí ẹ bá fẹ́ kọ alt tó dára, ẹ gbàgbé Google, kí ẹ ṣe bí ẹni tó ń sọ ohun tó wà nínú àwòrán fún oníbàárà tí kò ríran: "Ìkòkò omi ńlá láti Kwali, tí wọ́n fín alángbá àti àkekèé sí lára." Ó tó. Àwọn tó ń to ìkòkò, ìkòkò tó dára, ìkòkò olówó pọ́ọ́kú, ìkòkò Àbújá jọ síbẹ̀ ń dààmú afọ́jú, Google sì mọ ẹ̀tàn náà tipẹ́.

Àwòrán ìpolówó tí a ń pè ní flyer tún ń dá kún un. A fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀ yìí: orúkọ ọjà, iye owó, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ nínú àwòrán kan, àwọ̀ rẹ̀ á máa ta yẹ́ríyẹ́rí. Ó dára fún WhatsApp. Lórí ìkànnì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sínú ojúewé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí ẹ jẹ́ kí àwòrán jẹ́ àwòrán. Google lè gbìyànjú láti ka ohun tó wà nínú flyer, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní ká má fi ọ̀rọ̀ pàtàkì pamọ́ sínú àwòrán.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà Yorùbá wá ńkọ́? Èyí kan ẹni tó ń ta aṣọ òkè ní ọjà Wuse ju amọ̀kòkò Kwali lọ. Bí ẹ bá sọ fáìlì yín ní aṣọ.jpg, àdírẹ́sì rẹ̀ á di a%E1%B9%A3%E1%BB%8D.jpg nígbà tó bá ń rìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Googlebot lè kà á, ṣùgbọ́n ìkànnì mìíràn tàbí fóònù ẹni tó da líǹkì náà kọ lè bà á jẹ́. Ẹ fún fáìlì ní orúkọ tí kò lámì, bí i aso-oke-alaari.jpg. Nínú alt àti ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, ẹ kọ Yorùbá pípé: àlàárì, sányán, ẹtù. Níbìkan nínú àlàyé ojúewé náà, ẹ kọ ọ́ bí oníbàárà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pẹ̀lú, nítorí àwọn tó ń wá aṣọ kì í sábà dúró fi àmì sórí rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí ẹ dà kọ látinú ìwé àtijọ́. Àwọn fọ́ńtì kan wà láyé ìgbà kan tó ń ya ẹ àti ọ jáde dáadáa lójú, tó sì jẹ́ pé lẹ́tà mìíràn pátápátá ni kọ̀ǹpútà tọ́jú sẹ́yìn rẹ̀. Lójú Google, rádaràda lásán ni.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí àwòrán ò sì yọ, ẹ béèrè bóyá tiyín ni àwòrán ọ̀hún. Ẹni tó gba àwòrán ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé, tí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù mìíràn náà sì ń lò ó, Google á rí i pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ojúewé kan ló máa ń yàn láti gbé e dání, bóyá ti ìkànnì tó tóbi jù. Ẹ fi fóònù yín ya tiyín. Bí àwòrán yín bá sì jẹ́ ti ara tó ṣí sílẹ̀, bí i ti ìwòsàn tàbí ti ère, ẹ pa SafeSearch, ètò tí Google fi ń bo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó wá a, ó lè jẹ́ òun ló bò ó. Àwòrán tó wà lórí WhatsApp status ní tirẹ̀ ò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbangba rárá, wákàtí 24 ló sì ń lò.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ lè ní kí Search Console tún ojúewé náà gbé yẹ̀ wò. Ẹ kọ àdírẹ́sì àwòrán sínú sitemap, ìyẹn fáìlì tó ń to àdírẹ́sì ìkànnì fún ẹ̀rọ ìṣàwárí, pẹ̀lú, pàápàá bí kódù bá ń fi wọ́n pamọ́. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí Google kì í padà sórí àwòrán kíákíá bó ṣe ń padà sórí ojúewé. Ní àkókò yìí, ẹ má yí orúkọ fáìlì padà. Bó bá di dandan kí ẹ yí i, ẹ fi redirect tọ́ka láti àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abala Performance nínú Search Console, kí ẹ yí irú ìwádìí sí Image. Nọ́ńbà impressions tó wà níbẹ̀ ni iye ìgbà tí àwòrán yín yọ lójú ẹni tó ń wá nǹkan. Bó bá ti kúrò lórí òdo, Google ti rí yín. Bí clicks bá wá dúró sórí òdo, a jẹ́ pé àwọn èèyàn ń rí àwòrán náà, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi yà á ni kí ẹ yẹ̀ wò nígbà náà, àti àkọlé ojúewé tó gbé e dání.